Bàbá Ẹlẹ́kùn, Ẹni Tó Fẹ́ Rí I Tó Bá Ń Bọ̀

Bàbá àgbà mi bẹ̀rù ológbò. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí gbogbo àdúgbò wa ní Kemta ló ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́kùn, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á rò pé ọdẹ ni. Kì í ṣe ọdẹ. Pẹ́ńtà ni. Ẹkùn ló ń yà, ẹkùn nínú yìnyín, lórí pákó, lórí páálí, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹja tútù, fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ṣùgbọ́n bí ológbò gidi bá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ojú fèrèsé ló máa gbà pè mí pé kí n wá bá òun lé e.

Ó bẹ̀rù ajá pẹ̀lú. Ó bẹ̀rù àrá, abẹ́rẹ́, wáyà iná, kànga tí kò ní ìdérí, àti ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín. Mo jọ ọ́. Ohun tí mo jogún lára rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ tó fi ń yàwòrán kò dé ọ̀dọ̀ mi. Wẹ́dà ni mí. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù tú, ìwé wá ní òun ò lè máa bá mi lọ mọ́.

Àǹtí mi Dúpẹ́, ọmọ tí Bàbá bí gbẹ̀yìn, tó ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá sínú ìwé ìsìnkú. Ojú ewé méjì, pẹ̀lú fọ́tò. Ọdún tí wọ́n bí i wà níbẹ̀. Iléèwé tó lọ wà níbẹ̀. Oyè tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Gírámà inú rẹ̀ dán bíi bàtà tuntun. Bàbá fúnra rẹ̀ ni mo wá tì.

Ohun mìíràn tún wà tí kò sí níbẹ̀. Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan fún èmi àti Àǹtí nípa Bàbá, Àǹtí ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Bàbá gbọ́. Mo sọ fún Bàbá. Títí a fi sin ín, Àǹtí ò mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ẹ̀rù ohun tí mo ṣe yẹn ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo sọ ọ́ fún.

Kàlẹ́ńdà kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, sáìnbọ́ọ̀dù ni Bàbá ń kọ: "Ẹ má tọ̀ síbí", "A ń ta gáàrì tó dára", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà kan ní kó wá kun ilé òun, Bàbá rí kàlẹ́ńdà òyìnbó kan lórí ààtàn ibẹ̀, ó gbé e. Oṣù méjìlá, ẹranko méjìlá. Ní Oṣù Kejìlá, ẹkùn kan dúró lórí àpáta tó funfun báláú, ìrù rẹ̀ nípọn bí ọmọ odó, ó ń wo ẹni tó ń wò ó. Ní Oṣù Kìíní, ológbò igbó kan ni, irun dúró ṣóńṣó lórí etí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀. A ò mọ orúkọ ìyẹn. Elétí ni Bàbá ń pè é. Àwọn oṣù yòókù, ó fi wọ́n bo ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé méjì yẹn, ó fi bébà sìmẹ́ńtì wé wọn, ó tọ́jú wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí Bíbélì tí wọn ò tọ́jú tó bẹ́ẹ̀.

Kò rí yìnyín rí, àfi èyí tí òjò máa ń sọ lu páànù. Kí ló wá ṣe? Ó lọ bá ìyá kan tó ń ta ẹja tútù ní Ìtọ̀kú, ó ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wo inú fírísà. Ìyá yẹn rò pé ẹja ló fẹ́ jí. Bàbá ṣí i, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó ń wo yìnyín tó dì mọ́ ara rẹ̀, ó ń wò ó, títí ìyá náà fi pariwo, "Bàbá, ẹ pa á dé, ẹja mi ń yọ́!" Ó padà sílé, ó ní òun ti rí àṣírí. Ó ní funfun nìkan kọ́, búlúù wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kán búlúù sínú pẹ́ńtì funfun, bí ẹni tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìsinmi. Ìyá ẹja yẹn náà ló kọ́kọ́ ra àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kí kọ́sítọ́mà lè mọ̀ pé ẹja òun tutù dé eegun. Bàbá ní, "Òun ń ta ẹja, èmi ń ta òtútù."

Ṣùgbọ́n fírísà ò ní òkè, kò ní ojú ọ̀run. Ìyẹn, ibí ni Bàbá ti wá a. Gbogbo òkè yìnyín tó yà láyé ẹ̀, àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Kemta ni, ó kàn kùn wọ́n ní funfun ni. Ẹni tó bá mọ àdúgbò lè fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa ń sá láfún sí. Ní ti ojú ọjọ́, òtútù kan ṣoṣo tí Bàbá mọ̀ ni ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, ètè á là, wọ́n á sun igbó, àwòdì á máa rà bàbà lókè èéfín. Nítorí náà, gbogbo ẹkùn Bàbá ló ní ètè tó là. Lẹ́yìn ẹkùn, lókèèrè, èéfín igbó tó ń jó. Lókè èéfín, àwòdì méjì tàbí mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn lórí ẹ̀ títí Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀, fi ti Kánádà dé. Ó wá kí Bàbá, ó dúró síwájú àwòrán, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí ìsípẹ́kítọ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ yìí dáa o. Àmọ́ èéfín kí nìyí?"

"Igbó ni wọ́n ń sun."

"Igbó kẹ̀? Bàbá, yìnyín ti bo ilẹ̀ dé orúnkún! Ta ló fẹ́ sun igbó níbẹ̀?"

"Ìwọ, níbi tí ò ń gbé, tí òtútù bá mú, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń tan hítà, sà."

"Èéfín ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ronú díẹ̀. "Ó ń gba orí òrùlé jáde."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òun náà lò ń wò yẹn."

"Àwòdì wá ńkọ́, Bàbá? Kí ló ń wá?"

"Eku tó ń sá fún iná. Àbí ẹ ò ní eku ní Kánádà?"

"Ètè ẹkùn yìí tún là."

"Ra á, kí o fi òrí kùn ún létè."

Mo rẹ́rìn-ín, inú wá bí Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun sí èmi. Ó ní kí ni èmi tí mi ò kọjá Ṣágámù rí mọ̀ nípa yìnyín. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun àti Bàbá ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ torí èéfín yẹn. Bí mo bá bẹ Bàbá pé kó fi sílẹ̀, ohun kan náà ló máa sọ: "Kò sí ibi tí òtútù ti mú tí èèyàn kì í dáná."

Nǹkan kan tún wà nípa àwọn ẹkùn rẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn. Gbogbo wọn ló ń bọ̀. Kò sí èyí tó dùbúlẹ̀, kò sí èyí tó ń kọjá lọ sí ọ̀tún tàbí òsì. Wọ́n kọjú sí ẹ, ẹsẹ̀ iwájú kan wà nílẹ̀, ìkejì ti gbéra. Ọ̀kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ojú ẹ̀ dà bí epo pupa tí oòrùn là kọjá. Mo ti gbéyàwó, mo ti bímọ méjì, iná wẹ́dà ti jó mi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń fi rìn bí alákàn. Ìyàwó mi á ní, "Pákó ni o, Dádì Tómi." Mo mọ̀ pé pákó ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó dà bíi pé pákó náà mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan mo bi Bàbá pé, "Ẹ ò ṣe ya èyí tó ń lọ síbòmíràn? Ayé fẹ̀ fún un láti rìn, Bàbá."

Kò gbójú kúrò lára iṣẹ́. "Ẹranko tó ń lọ kò kàn mí," ló sọ.

Àrá ló jẹ́ kí n gbọ́ ìdí ẹ̀. Tí àrá bá ń sán, èmi àti Bàbá ní ibì kan tí a máa ń pàdé, nílẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ àti ògiri. Àgbà ọkùnrin méjì. A jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń lu páànù, mo ní kó sọ ìtàn kan kí ọkàn wa lè kúrò níbẹ̀. Èyí tó yàn láti sọ kò ràn wá lọ́wọ́ rárá.

"Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún," ó ní. "Oko bàbá mi la wà. Mo ní ajá kan, Tanímọ̀la. Mo fokùn sí i lọ́rùn torí ó máa ń lé adìẹ aládìẹ. À ń gba ọ̀nà odò lọ. Ojúmọ́ ti mọ́ kedere, Wálé. Mò ń kọrin. Mi ò rí nǹkan kan. Ewé ni mò ń wò, ewé ò mì. Mo wá gbọ́ nǹkan bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Okùn fà mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dẹ̀. Ìgbà tí màá wolẹ̀, okùn nìkan ló kù. Mo tún wo ewé. Kò mì."

"Ẹkùn ni, Bàbá?"

"Bàbá mi ní ẹkùn ni. Àwọn ọdẹ ní ológbò igbó ńlá kan ni. Èmi ò mọ̀. Ṣé mo rí i ni?" Àrá sán. A jọ mọ́ra gírígírí. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Torí ẹ ni mo ṣe fẹ́ràn yìnyín. Níbi tó bá ti funfun gbalaja, kò síbi tó máa fara pamọ́ sí. O lè má lè sá o. Ṣùgbọ́n wàá rí i tó bá ń bọ̀."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo wá ẹkùn yìnyín lórí fóònù mi. Kí n tó rí i nínú fídíò kan, ó ti fò mọ́ ẹran tó fẹ́ jẹ. Àwọ̀ ara ẹ̀ bá àpáta àti yìnyín mu débi pé mo dá fídíò náà padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mọ ibi tó wà. Mi ò fi han Bàbá. Mo ní mò ń ṣàánú ẹ̀ ni.

Ó tó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwòrán ló tú u fó. Yìnyín ń pọ̀ sí i, ẹkùn ń kéré sí i, ó ń sún sẹ́yìn, títí ẹkùn fi dà bí èèrà lórí aṣọ ìsìn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàbá ti ń ṣọ́ pẹ́ńtì lò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù, la gbé e lọ sí ọsibítù ojú, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni.

Àǹtí Dúpẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "O mọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Sọ fún un pé wọ́n máa kùn ún lóorun, kò ní mọ nǹkan kan títí wọ́n á fi parí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ẹ̀ máa là sílẹ̀ ni. Tó bá gbọ́ ìyẹn, ṣé o rò pé á wọ mọ́tò?"

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Mo rò pé ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n ní ká jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo yíjú láti wo fóònù. Nígbà tí mo padà yíjú, kò sí Bàbá. Mo wá a dé ṣálángá, mo wá a dé ibi tí wọ́n ń fọ aṣọ. Ìta títì ni mo ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń sun àgbàdo, pẹ̀lú aṣọ ọsibítù lọ́rùn, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

"O ní mi ò ní mọ nǹkan kan. O ní wọ́n á ti ṣe é tán kí n tó mọ̀. Ọmọ mi, ṣé nǹkan ayọ̀ lo pe ìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì kan ti sáré tẹ̀ lé wa. Ọmọdébìnrin ni, ó ń mí hẹlẹ. "Ta ló ní ẹ máa sùn, Bàbá? Ẹ ò ní sùn o. Ojú yín á là sílẹ̀, ẹ máa rí iná, ẹ máa rí ọwọ́ dókítà."

Mo di orí mú. Mo ní ó tán.

Bàbá wò ó. "Màá rí i tó bá ń bọ̀?"

"Ẹ máa rí i, Bàbá."

Ó dìde, ó di ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ mú, ó sì ṣáájú wa wọlé. Bí wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn nìyẹn. Mo rí àwo tí wọ́n to irin wẹ́wẹ́ sí. Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan ń fi páálí fẹ́ mi, wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì mu. Nígbà tí Bàbá jáde pẹ̀lú báńdéèjì, ó sọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé, "Ẹni tó mú mi wá ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú."

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì náà, mo mú un lọ síwájú àwòrán tó yà gbẹ̀yìn, èyí tó jẹ́ funfun láti òkè délẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó wá ẹkùn náà rí, ó fìka kàn án. "Ó jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ," ló sọ. Inú ẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú. Dókítà pe èmi àti Àǹtí wọ ọ́fíìsì. Ó ní kíndìnrín méjèèjì ti rẹ̀, pé ní ọjọ́ orí Bàbá, ká máa gbé e lọ sílé, ká máa fún un ní ohun tó bá ń wù ú. Ó lè tó oṣù kan. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí ò sunkún. Nínú mọ́tò, ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú gírígírí. "Kò gbọdọ̀ gbọ́. Wálé, ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀rù á pa á kí àìsàn tó pa á. A ì í sọ ọ́ fún aláìsàn."

Mo ní mo gbọ́, mà. Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ìyá àgbà mi nìyẹn. Títí tí ìyẹn fi kú, ibà la ní ó ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, mo po tíì fún Bàbá ní àárọ̀. Ó gbà á, kò mu ún.

"Wálé, àná Dúpẹ́ bu ẹran mẹ́ta fún mi."

"Ẹ jẹun dáadáa nìyẹn, Bàbá."

"Ọmọ tó máa ń ka ẹran mọ́ mi lẹ́nu torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹran mẹ́ta. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ pọ́n." Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Ṣé mò ń wo ewé ni?"

Ọ̀kadà mi wà níta, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mo ronú ọ̀rọ̀ Àǹtí. Mo ronú pé tí mo bá sọ ọ́, tí àyà ẹ̀ já, tó kú síwájú mi pẹ̀lú tíì, èmi ni mo pa á. Mo tún ronú bẹ́ǹṣì ọsibítù, àti ẹni tó sá jáde torí irọ́ tí mo pa fún un.

"Kíndìnrín ni, Bàbá. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́."

Bàbá bi mí pé, "Ó jìnnà?"

"Kò jìnnà, Bàbá. Bóyá oṣù kan."

Tí ẹ bá ń retí pé kó sọ ọ̀rọ̀ àgbà kan, kò sọ. Ó bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń ní "Yé, yé, yé," kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo sì rò pé mo ti ṣìṣe jù lọ láyé mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Jókòó," ó ní. "Orúnkún ẹ ń gbọ̀n, o máa da tíì mi nù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Má sọ fún Dúpẹ́ pé mo mọ̀. Ẹ̀rù á bà á."

Mo ṣèlérí. Ọjọ́ méjìdínlógún ló lò sí i. Ní àràárọ̀, tí mo bá wọlé, kì í dúró kí n kí òun. Ó máa ń ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o." Mo máa ń ní, "Èmi náà, Bàbá." A ó wá mu tíì. Ó ní kí n yí àga òun kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó fi kẹrosíìnì fọ gbogbo búrọ́ṣì ẹ̀. Ó ní kí n pe Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ní Kánádà, mo rò pé ó fẹ́ parí ìjà. Ó gba fóònù, ó ní, "Ṣẹ́gun, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ní ti èéfín yẹn, mi ò tíì gbà o." Ó sì dá fóònù padà fún mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rù yẹn mú un débi pé kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń fún mi lọ́wọ́ ni, èmi tí mo dákú síwájú àwo irin. Mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo kàn jókòó.

Bí ọjọ́ bá ti ń rọlẹ̀, Àǹtí á dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa pa tọ̀lótòló Kérésì fún wa o!" Bàbá á ní, "Kí ẹ fi itan sílẹ̀ fún mi." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Èmi á dìbọ́n pé mò ń wá nǹkan lábẹ́ àga.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, lórí tíì àárọ̀, ó sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, Wálé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òjijì." Lọ́sàn-án, Àǹtí ń gé èékánná fún un, ó ń bá a ṣàwàdà. Ọwọ́ kan ló gé tán.

Nígbà ìsìnkú, gbogbo ẹni tó bá wá kí Àǹtí ló ń sọ fún pé, "A dúpẹ́. Kò mọ nǹkan kan. Ó sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni." Wọ́n á ní Ọlọ́run ṣeun. Mi ò lè ṣe àmín. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń fọ ìkòkò ńlá lẹ́yìnkùlé, mo lọ bá a. Mo rò pé màá dákú.

"Àǹtí, Bàbá mọ̀."

"Ó mọ kí ni?"

"Ohun tí dókítà sọ. Èmi ni mo sọ fún un, mà. Lọ́jọ́ kejì."

Kànrìnkàn dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìgbátí, kò gbá mi.

"Ó mọ̀, nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ tọ̀lótòló?"

"Ó mọ̀, mà."

"Ó ní kí n fi itan sílẹ̀ fún òun." Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀rù bà á?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti múra tán. "Ó bà á gan-an, Àǹtí. Lójoojúmọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Òun ló ní kí n má sọ. Ó ní ẹ̀rù á bà yín."

Ó wo ọwọ́ ẹ̀ tí ọṣẹ bò. "Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, Wálé," ó ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀yin méjèèjì rò pé mo jẹ́?"

Mo ní ẹ máà bínú, mà. Ó fi ìró nu ọwọ́, ó fa àpótí méjì jáde, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó sì nawọ́ sí ìkejì.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó o sọ fún un," ó ní. "Má fo ọjọ́ kankan."